Àṣà Kì Í Ṣe Ìbò: Ta Ló Yẹ Kó Pàṣẹ fún Ọgbọ́n Àtọwọ́dá?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn orílẹ̀-èdè 193 tó wà nínú àjọ UNESCO fọwọ́ sí àbá kan lórí ìlànà ìwà tó yẹ nídìí ọgbọ́n àtọwọ́dá. Bíbọ̀wọ̀ fún onírúurú àṣà wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ ti bọ̀wọ̀ fún àṣà ẹnìkan? Èrò tèmi ni pé àwùjọ tí wọ́n kàn kó èrò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kò tíì rí ọ̀wọ̀ gbà. Ọ̀wọ̀ dé nígbà tí àwùjọ náà bá lẹ́nu nínú ìpinnu, tó sì lè sọ pé rárá.

Ìwádìí Moral Machine, tí Edmond Awad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú Nature ní ọdún 2018, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni. Wọ́n bi àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé: bí bíréèkì ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ kò bá mú mọ́, ta ni kó pa, ta ni kó dá sí? Ìdáhùn tó tó nǹkan bí ogójì mílíọ̀nù wá láti orílẹ̀-èdè àti agbègbè 233. Níbi tó pọ̀ jù, ọmọdé ni wọ́n fẹ́ kó dá sí ju àgbà lọ. Ní Japan àti Taiwan, ìfẹ́ yẹn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè wá ní kí ọkọ̀ tí wọ́n bá tà ní Tokyo máa ṣe bí ará Tokyo ṣe dìbò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dáhùn. Àgbàlagbà tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí ìwọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí èèyàn dá tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kò tíì di ohun tí àwùjọ jókòó lé lórí, tí wọ́n jiyàn sí títí wọ́n fi fẹnu kò. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Jámánì yàn lórí irú ọkọ̀ yìí jókòó, ó sì sọ ní ọdún 2017 pé ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ orí, tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, yan ẹni tí yóò kú. Iyì ọmọ ènìyàn, tó ṣíwájú nínú òfin ilẹ̀ wọn, ni wọ́n fi gbe èyí lẹ́sẹ̀. Èwo wá ni àṣà Jámánì: ìbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àbí ìpinnu tó ní ìdí?

Ní New Zealand, àwọn Māori fi hàn pé àṣẹ tí àwùjọ fi lè sọ pé rárá ṣeé lò. Ní ọdún 2018, Te Hiku Media, ilé iṣẹ́ rédíò wọn ní Kaitaia, ké sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá ka gbólóhùn èdè Māori. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ohùn tó lé ní wákàtí 300 ti wọlé, wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di àkọsílẹ̀. Wọn kò ta ohùn náà fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ṣe ní alágbàtọ́ ohùn náà ni àwọn jẹ́, pé kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó tọrọ àyè, kí àǹfààní rẹ̀ sì kan àwọn Māori. Ohùn Yorùbá tó wà lórí Common Voice, àkójọ ohùn ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní irú odi bẹ́ẹ̀: àṣẹ CC0 gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ṣe ohun tó wù ú láìbéèrè.

Àwọn kan yóò ní èdè tí dátà rẹ̀ kò tó nǹkan kò gbọ́dọ̀ tilẹ̀kùn, pé dátà ọ̀fẹ́ ló ran àwọn olùwádìí èdè Áfíríkà bíi ti ẹgbẹ́ Masakhane lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́ ṣì ń ṣí. Ìwé àṣẹ lè gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì ní kí ilé-iṣẹ́ ńlá sanwó. Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: bí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ àwùjọ, ta ni yóò gbèjà ẹni tí àwùjọ náà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀? Àwọn alágbára lè fi orúkọ àṣà pa obìnrin àti àlejò lẹ́nu mọ́. Ohun tó jẹ́ kí n ya ìpinnu sọ́tọ̀ sí ìbò nìyẹn. Ẹni tó bá ní àṣà wa nìyí gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, a sì lè fi àṣà kan náà dá a lóhùn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Òfin Ààbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 dáàbò bo ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò fún àwùjọ tó ni èdè lẹ́nu. Kí òfin tó ń bọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá wá pé: ta ló yọ̀ǹda ohùn yìí, ta ló sì lè gba ìyọ̀ǹda náà padà?