Láti Ìdí Tábìlì sí Yàrá Ẹ̀kọ́: Ìtàn Oyè Ìmọ̀ Ìṣàkóso Ìlú Láàrin Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Ìfáárà

Nínú ètò ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, kò sí ẹni tí ó kàn ṣàdédé di ìlàrí. Ààfin ni a ti ń tọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń jíṣẹ́ ọba láì fi kún un, láì yọ nínú rẹ̀, àti bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́. Ajẹ́lẹ̀ tí Aláàfin bá rán lọ sí ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ náà kì í ṣe ẹni tí kò mọ èèwọ̀ iṣẹ́. Èyí fi hàn pé pípèsè ènìyàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọba kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé kí yunifásítì máa fi oyè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́lá, kí ìjọba sì ka oyè náà sí nígbà tí ó bá ń yan àwọn tí yóò ṣàkóso.

Iṣẹ́ yìí tọpa oyè másítàsì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ìlú, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí MPA, láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn kò kà á sí rárá títí di ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ lé e kiri. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti sọ, bí ìdáhùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣòro: ta ni oyè yìí ń ṣe láǹfààní, ẹni tí ó gbà á ni, tàbí ìlú tí ó rán an níṣẹ́?

Ìgbàgbọ́ Àwọn Òyìnbó Amúnisìn

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé àṣà iṣẹ́ ìjọba ti òde òní wá sí Nàìjíríà kò gbà pé ó yẹ kí a kọ́ ìṣàkóso ní yunifásítì. Láti ìgbà tí ìjábọ̀ Northcote àti Trevelyan ti jáde ní 1854, ẹni tí wọ́n ń wá ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí orí rẹ̀ pé, tí ó yege nínú ìdánwò, ìbáà jẹ́ èdè Látìn tàbí ìtàn ni ó kà. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá lè túmọ̀ ewì àwọn ará Róòmù yóò lè dá ẹjọ́ ilẹ̀ ní Ìkirè, yóò sì lè ṣètò owó orí ní Ṣakí. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ń pe D.O. ní ajẹ́lẹ̀ mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí kù sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi wọ́n. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, a ṣètò ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní Devonshire ní Oxford, Cambridge àti London fún àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ amúnisìn, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan sì lọ sí i ní àwọn ọdún 1950. Ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ ni wọ́n gbà níbẹ̀, kì í ṣe oyè.

Èrò ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ní 1887, Woodrow Wilson, tí kò tíì di ààrẹ nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi sọ pé ìṣàkóso tó ohun tí a ń fi ìwádìí kọ́ bí a ti ń kọ́ àwọn ìmọ̀ mìíràn. Ní 1924, a dá Maxwell School sílẹ̀ ní Yunifásítì Syracuse, níbẹ̀ sì ni ètò MPA ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àṣà méjèèjì yìí ni ó pàdé ara wọn ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà.

Ìran Adébọ̀: Ẹ̀kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Ní 1948, ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe alága rẹ̀ dábàá pé kí a má ṣe gba àjèjì sí ipò gíga níbi tí ọmọ Nàìjíríà tí ó tóótun bá wà, kí a sì fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pèsè àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sílẹ̀. Ní 1953, Sydney Phillipson àti Simeon Adébọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìjábọ̀ tí wọ́n jọ kọ. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, òfin ìjọba tuntun ti 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀.

Adébọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ ìran tí kò rí yàrá ẹ̀kọ́ ìṣàkóso kankan wọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Iṣẹ́ rélùwéè ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ó sì ń fi àyè tí iṣẹ́ fi sílẹ̀ kàwé gba oyè Yunifásítì London láì kúrò ní Nàìjíríà, kí ó tó lọ kọ́ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni yìí ni ó di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, kí ó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn ìran náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1955, iye ọmọ tí ó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti iye tí kò tó 500,000 sí iye tí ó lé ní 800,000 láàrin ọdún kan. Ẹnì kan ní láti ka iye yàrá, iye olùkọ́, iye ìwé àti iye owó. Àwọn olóṣèlú ni ó gba orúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ni ó ní èrò náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó ti ìṣirò ní òru ni àwọn òṣìṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ètò ìṣúná ní iléèwé. Bí ètò náà ṣe rìn fi hàn pé ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àìtó olùkọ́ tí ó mọṣẹ́, tí ó bá ètò náà fínra láti ìbẹ̀rẹ̀, sì fi ibi tí ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nìkan kò lè dé hàn.

Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso ti Yunifásítì Ifẹ̀

Ẹkùn Àríwá ni ó kọ́kọ́ rí àléébù yìí. Láti 1954 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ti wà ní Kongo ní Zaria, ó sì di ara Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962, tí Yunifásítì Pittsburgh ti Amẹ́ríkà sì ń ràn án lọ́wọ́. Ìwọ̀-Oòrùn kò fẹ́ gbẹ́yìn. Yunifásítì Ifẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn ní oṣù Ọ̀wàrà 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244. Ní 1963 ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kódà nígbà tí yunifásítì náà kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, Ìbàdàn ni Ilé-Ẹ̀kọ́ yìí ṣì wà. Ó bọ́gbọ́n mu bẹ́ẹ̀, nítorí Ìbàdàn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba wà, ibẹ̀ sì ni àwọn tí yóò kàwé ti ń ṣiṣẹ́.

Adébáyọ̀ Adédèjì ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ náà jù lọ. A bí i ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1930. Ó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì ti gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ìlú ní Harvard, kí ó tó fi ìdí tábìlì sílẹ̀ fún iṣẹ́ olùkọ́ ní 1963. Ní 1967, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì di olùdarí Ilé-Ẹ̀kọ́ náà. Níbẹ̀ náà ni ìwé àtìgbàdégbà Quarterly Journal of Administration ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú Adédèjì sí Adébọ̀ kì í ṣe ọgbọ́n orí. Ìyàtọ̀ náà ni pé Adédèjì gbà pé a lè gba ìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ àgbà fi ogún ọdún kó jọ, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì fi kọ́ ọ̀dọ́ láàrin ọdún díẹ̀. Ètò ìṣúná, òfin ìṣàkóso, ìdarí òṣìṣẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ àti ọgbọ́n ìwádìí wà lára irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan kò yẹ kí ìtàn yìí fò dá. Inú rúkèrúdò ni a ti bí Ilé-Ẹ̀kọ́ náà. Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1965, lẹ́yìn ìbò tí àwọn ènìyàn kà sí ojóóró, iná wẹ́tìẹ̀ ń jó ilé àti ènìyàn. Nínú yàrá ẹ̀kọ́, a ń kọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Lóde, ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnìkan lè pàdánù iṣẹ́, tàbí kí ó pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìwé tí ó lè di àlàfo yìí.

Ní 1971, Ọ̀gágun Gowon fi Adédèjì ṣe kọmíṣánnà àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé àti àtúnkọ́ orílẹ̀-èdè. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìdásílẹ̀ ètò agùnbánirọ̀ ní 1973 àti ti ECOWAS ní 1975, ọdún tí ó lọ darí Ìgbìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé Áfíríkà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹ̀rí pé ìmọ̀ ìṣàkóso lè kúrò nínú ìwé kí ó di ohun tí a fojú rí, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti wọ kàkí agùnbánirọ̀ rí ni ẹ̀rí.

Owó Udoji

Ìgbìmọ̀ lórí owó oṣù tí Adébọ̀ darí ní 1970 sí 1971 ni ó dámọ̀ràn pé kí a yẹ gbogbo ètò iṣẹ́ ìjọba wò látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ Jerome Udoji ní 1972, ìjábọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 1974. Ó dábàá kí a kó gbogbo òṣìṣẹ́ sórí ipele 01 sí 17, kí a máa fi àbájáde iṣẹ́ wọn òṣìṣẹ́, kí onímọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ bí oníṣègùn àti ẹnjiníà lè di olórí ilé-iṣẹ́ ìjọba bí akọ̀wé ṣe lè dì í, kí a sì ka ìdálẹ́kọ̀ọ́ sí pàtàkì. Ó ń bá ìjábọ̀ Fulton tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 rìn, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà tí wọ́n gbé fún Nàìjíríà.

Kí ni ará ìlú rántí nínú gbogbo rẹ̀? Owó. Àjẹsílẹ̀ oṣù púpọ̀ tí a san lẹ́ẹ̀kan náà sọ orúkọ ọkùnrin náà di orúkọ owó òjijì, ọjà sì gbówó lórí ní 1975. Ìjọba san èyí tí ó rọrùn láti san nínú ìjábọ̀ náà, ó sì fi èyí tí ó ṣòro sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Murtala Mohammed lé àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó dà bí ẹni pé láti ìgbà yẹn ni ìwé ẹ̀rí ti gba ìtumọ̀ mìíràn: ipò kò dáni lójú mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tí ó lè gba oyè lọ́wọ́ ẹni.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣaláì máa gbèrú. ASCON ti wà ní Topo lẹ́bàá Àgbádárìgì láti 1973; lẹ́yìn àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976, a yan Ifẹ̀, Zaria àti Nsukka láti máa dá àwọn òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́.

Oyè àti Àkàbà Ìgbéga

Òfin 43 ti 1988 pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, kí ó lè di ọ̀jáfáfá níbẹ̀. Lójú ìwé, ìṣẹ́gun ni èyí fún àwọn tí ó ń sọ pé ìmọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣàkóso. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ Akọ̀wé Àgbà di olùdarí àgbà tí yóò bá ìjọba tí ó yàn án lọ, ó sì fi òṣèlú sí àárín iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Allison Ayida tako èyí ní àárín àwọn ọdún 1990, orúkọ Akọ̀wé Àgbà sì padà.

Láàrin àkókò yẹn ni ètò MPA tàn ká àwọn yunifásítì, èyí tí a ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. Yunifásítì àpapọ̀ aláwòkà ti NOUN, tí a tún jí dìde ní 2002, mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ wà lára àwọn tí ó ń sáré sí i. Olùkọ́ tí ó gba NCE, tí ó gba oyè àkọ́kọ́, tí ó wá fẹ́ di alábòójútó ẹ̀kọ́ tàbí kí ó ré kọjá sí ilé-iṣẹ́ ìjọba, a máa rí MPA bí afárá. A kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n oyè yìí nìkan kì í gbé òṣìṣẹ́ ga: àlàfo ipò gbọdọ̀ wà, ìdánwò ìgbéga gbọdọ̀ wáyé, ọdún tí a là kalẹ̀ lórí ipele gbọdọ̀ pé. Ọ̀pọ̀ ni ó mọ èyí lẹ́yìn tí ó ti san owó iléèwé tán.

Ibi tí ó dunni jù ni ti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe kẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ a kọ nípa bí a ṣe ń pín olùkọ́ sí ìgbèríko; òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ a kọ nípa owó ọjà tí kì í dé àpò ìjọba. Ohun tí wọ́n fi ojú rí ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. A ó di iṣẹ́ náà ní páálí líle, a ó kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀dà kan yóò lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, òmíràn sí ilé-ìkàwé yunifásítì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a kọ ọ́ nípa rẹ̀ kì í sábà béèrè ẹ̀dà tirẹ̀.