Ìkòkò Olómi àti Irun Dàdá

Dàdá ni wọ́n bí mi. Ìyá mi kò jẹ́ kí òòyà kan irun mi, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láìtọrọ àyè. Ó so owó ẹyọ kan mọ́ ọn. Bí mo bá ń sáré, yóò máa lu etí mi. Nígbà tí mo dàgbà tí mo dé London, baba àgbà kan, ará Jàmáíkà tí irun tirẹ̀ ti gùn dé ìbàdí, bá mi pàdé nínú bọ́ọ̀sì ní Brixton. Ó ní, "Ọmọbìnrin mi, ta ló mú ọ wọ inú ìgbàgbọ́ Ràsítà yìí?" Mo ní, "Bàbá, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyí." Ó dákẹ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ló wá sọ pé ní Westmoreland tí wọ́n bí òun sí, abúlé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta.

Òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin ní Jàmáíkà ní 1838, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ olówò ẹrú lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ oko. Àwọn Yorùbá wà nínú wọn. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ṣùgbọ́n igbó tí àwọn Ràsítà fi ń jọ́sìn, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti débẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, 1845, ọkọ̀ òkun Blundell gúnlẹ̀ sí Old Harbour Bay pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ láti Íńdíà. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ kíkó wọn wá ní 1917, wọ́n ti lé ní 36,000. Àwọn ló fi orúkọ náà, ganja, sílẹ̀ fún erékùṣù náà. Inú oko ìrèké kan náà ni àwọn àti àwọn adúláwọ̀ ti jọ ń làágùn, ibẹ̀ ni ewé náà ti tọwọ́ bọ ọwọ́. Nígbà tó di 1913, ìjọba fòfin dè é.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, 1930, wọ́n fi Ras Tafari jọba ní Etiópíà, ó di Haile Selassie. Leonard Howell, ọmọ Clarendon, bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún àwọn tálákà pé ọba yìí ni kí wọ́n máa sìn, kí wọ́n gbàgbé ọba Gẹ̀ẹ́sì; àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní Ràsítà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n fi san án fún un ní 1934. Orúkọ tó fi sórí ìwé rẹ̀, The Promised Key, ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa: G. G. Maragh, ìyẹn Gangunguru Maragh. Orúkọ Íńdíà ni ọmọ adúláwọ̀ yìí fi ń wàásù ọba Etiópíà. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìtàn wọn nìyí: àwọn tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn ṣa ohun tí wọ́n rí nílẹ̀ jọ, wọ́n sì fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Ní 1940, Howell kó àwọn èèyàn rẹ̀ gun òkè kan nítòsí Sligoville, Pinnacle lorúkọ rẹ̀. Iṣu ni wọ́n ń gbìn, igbó ni wọ́n ń gbìn. Ọlọ́pàá ya bò wọ́n ní 1941; ní 1954 wọ́n wó ibẹ̀ palẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti Howell mọ́ ilé ìtọ́jú àwọn wèrè.

Nílé, ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí à ń rò ni pé ọmọ ìta tí igbó ti gbà lọ́kàn ni Ràsítà. Ó dùn mí, nítorí mo ti rí wọn lẹ́nu àdúrà. Ní 2018, mo bá baba inú bọ́ọ̀sì náà lọ sílé rẹ̀ ní Jàmáíkà. Ìjọba ti tún òfin ṣe ní 2015, ó ti gba Ràsítà láyè láti fi ewé náà jọ́sìn. Ìkòkò tí wọ́n fi ń fa igbó náà, èèpo àgbọn tí wọ́n bu omi sí nínú ni ìdí rẹ̀; èéfín ń gba inú omi kọjá, omi náà ń hó kùrùkùrù. Chalice ni wọ́n ń pè é, orúkọ ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, wọ́n gbàdúrà, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká, ọ̀rọ̀ náà sì ń yí ká pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí àlùfáà láàárín wọn. Ohun tí ẹ̀mí bá fi hàn ọ́, wàá sọ ọ́ lójú gbogbo agbo, wọn óò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlù mẹ́ta ń dún: bass nísàlẹ̀, funde bí àyà tó ń lù, repeater ń dárà lórí méjèèjì.

Wọn kò gbé ìkòkò fún àwa obìnrin. Àṣà àwọn àgbà wọn nìyẹn, inú mi kò sì dùn sí i. Mo jókòó sẹ́yìn agbo. Ìyá arúgbó kan sún mọ́ mi, ó tọ́ka sí orí mi, ó ní, "Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?" Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tọrọ àyè bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹrí ba fún un.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irun mi nígbà tó ń sọ̀rọ̀ 1963. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Coral Gardens, ẹ̀bá Montego Bay, ní oṣù Kẹrin ọdún náà, èèyàn mẹ́jọ kú, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ṣọdẹ Ràsítà káàkiri, wọ́n ń nà wọ́n, wọ́n ń gé irun wọn. Ní 2017 ni ìjọba tó tọrọ àforíjì. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú táwẹ́lì tí ó wé mọ́ orí, kò jẹun, kò sì tú táwẹ́lì náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.