David Blackwell àti apẹ̀rẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀

Ìtàn ọmọ Illinois níbí la fẹ́ sọ lónìí. Wọ́n bí David Blackwell ní 1919 ní Centralia, ìlú tí wọ́n fi orúkọ rélùwéè Illinois Central sọ. Rélùwéè yẹn náà ni bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 16 ló wọ Yunifásítì Illinois. Nígbà tó fi máa di ẹni ọdún 22, ní 1941, ó ti gboyè dókítà nínú ìṣirò.

Ó wá lọ ṣe ọdún kan ní Institute for Advanced Study, ní Princeton. Yunifásítì Princeton, tó wà nítòsí ibẹ̀, ò jẹ́ kó wá jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́, torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó ń wáṣẹ́, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú nìkan ló kọ̀wé sí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, torí kò rò pé àwọn yòókù máa gbà á. Berkeley fẹ́ ẹ ní 1942, àwọn kan níbẹ̀ ta kò ó. Ọdún méjìlá ló kọjá kó tó débẹ̀, Howard ló sì ti lo mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, inú ń bí mi.

Apẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ kó ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun sínú rẹ̀. Ẹ dijú, ẹ mú ọ̀kan, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ sì fi òmíràn tó ní àwọ̀ kan náà kún un. Èyí tó bá ti jáde á túbọ̀ máa jáde. Ẹ rí i bí àrùn ṣe ń ràn? Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni mo ti ta etí. Ní 1923, nígbà tí Eggenberger àti Pólya gbé apẹ̀rẹ̀ yìí kalẹ̀, ikú ìgbóná wà lára ohun tí wọ́n fi dán an wò, àrùn tí àwọn àgbà wa kì í dárúkọ rẹ̀ gàgàrà.

Ní 1973, Blackwell àti James MacQueen béèrè pé: bí àwọ̀ inú apẹ̀rẹ̀ ò bá lóǹkà ńkọ́? A ò lè ka ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ìwọ̀n la ó tẹ́ sórí gbogbo àwọ̀, bí ẹni tẹ́ ẹ̀wà sórí ẹní. Síbẹ̀, àwọ̀ ń padà wá ṣáá. Blackwell fi hàn lọ́dún kan náà pé ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ jáde á dì ní kókó kókó, kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹ mú un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 1, kí èyí tí ẹ ń fi kún un náà jẹ́ 1. Nínú ìpín 6, àwọ̀ kan ṣoṣo ní 2, àwọ̀ méjì ní 3, àwọ̀ mẹ́ta ní 1. Nọ́ńbà James Stirling, ará Scotland, nìwọ̀nyẹn, ó ti wà nínú ìwé rẹ̀ láti 1730! Wọn kò yàtọ̀ sí iye ọ̀nà tí èèyàn 3 lè gbà jókòó yí tábìlì ká lóde àríyá: tábìlì kan, ọ̀nà 2, méjì, 3, mẹ́ta, 1. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ka ohun tó níye ló tún jáde láàárín ohun tí kò níye. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣì ń fa nọ́ńbà Stirling lọ sínú irú àyè bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Blackwell kú ní 2010, lẹ́ni ọdún 91. Ní 2024, Nvidia sọ ṣíìpù tuntun wọn ní Blackwell. Àwọn ọmọ tó ń ta géèmù nílé yín mọ orúkọ yẹn dáadáa. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tó ni ín.