Bí Iṣẹ́ Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Láptọ́ọ̀pù Wa

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lóde òní sábà máa ń rò pé bí a ṣe bá nǹkan ló ṣe wà látilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká wo Kubernetes, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí atukọ̀ lédè Gíríìkì.

Oṣù kẹfà ọdún 2014 ni Google gbé e síta fún gbogbo ayé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń lo Borg, irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ara wọn. Ẹ̀yà 1.0 jáde ní oṣù keje ọdún 2015. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bójú tó kọ̀ǹténà, ìyẹn áàpù tí a di pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò, kó lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà.

ReplicationController ló ń ka ẹ̀dà nígbà náà. Bí a bá ní ẹ̀dà mẹ́ta la fẹ́, tí ọ̀kan kú, á gbé òmíràn dìde. Bó bá di mẹ́rin, á pa ọ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa, àmọ́ kíkà nìkan ló mọ̀.

Ibi àtúnṣe ni wàhálà wà. Ká ní a fẹ́ fi áàpù tuntun rọ́pò ti àtijọ́ láìjẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Àṣẹ kan wà fún un, kubectl rolling-update. Á dá ReplicationController tuntun sílẹ̀, á máa fi ẹ̀dà kún tuntun, á sì máa yọ lára ti àtijọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ẹni tó tẹ àṣẹ náà ló ń darí gbogbo ìyẹn! Bí iná bá lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, iṣẹ́ á há sáàárín: àtijọ́ méjì, tuntun kan, kò sì sẹ́ni tó máa parí ẹ̀. Àwa tí iná máa ń lọ mọ́ lọ́wọ́ láìdágbére, ṣé ó yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn?

Ní ẹ̀yà 1.2, oṣù kẹta ọdún 2016, ReplicaSet dé láti rọ́pò ReplicationController. Òun náà ń ka ẹ̀dà, ṣùgbọ́n ó lè fi àmì oríṣiríṣi ṣa àwọn tó jẹ́ tirẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Deployment wá jókòó lé e lórí. A ó kàn sọ ohun tí a fẹ́, inú Kubernetes fúnra rẹ̀ ni pàṣípààrọ̀ náà á ti máa lọ. Kí láptọ́ọ̀pù kú, kò kàn án. Ó tún ń tọ́jú àwọn ReplicaSet àtijọ́ láìsí ẹ̀dà kankan nínú wọn, kó lè jẹ́ pé bí tuntun bá bàjẹ́, àṣẹ kan péré, kubectl rollout undo, la fi máa padà sẹ́yìn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ẹ̀yà 1.9 sọ Deployment àti ReplicaSet di ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n yọ rolling-update kúrò pátápátá nínú ẹ̀yà 1.18.

Wọn ò lé ReplicationController jáde ṣá o. Kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kà. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n rọ́pò rẹ̀ ni pé ibi tí iṣẹ́ ti le jù lọ, ọwọ́ wa ló fi sílẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ àwa la máa ń sùn, tí iná wa sì máa ń lọ.