OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILẸ̀: BÍ ÌJỌBA ṢE Ń ṢỌ́ OHUN ÀTIJỌ́ NÍ ILÉ-IFẸ̀ ÀTI NÍ ÈSÌẸ́



Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín: bí ọkọ́ ẹnì kan bá hú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa jáde nínú ilẹ̀, ti ta ni í ṣe? Ti ẹni tí ó hú u ni bí, tàbí ti gbogbo ọmọ ìlú, títí kan àwọn tí a kò tí ì bí?

Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n kan àwọn orí ènìyàn tí a fi idẹ dà, iṣẹ́ tí ẹnu ya àwọn amòye sí. Ní ìgbà náà, kò sí ẹ̀ka ìjọba tí a yàn láti ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dé London, ó sì ti wà ní British Museum láti ọdún 1939. Méjì bá William Bascom lọ sí Amẹ́ríkà, a sì dá wọn padà ní 1950. Ṣùgbọ́n àdánù kan wà tí kò ní àtúnṣe: kò sí amòye níbẹ̀ tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti jìn tó nínú ilẹ̀, àti ohun tí ó yí wọn ká. Ìmọ̀ yẹn kò ṣe é fi owó rà padà.

Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó dé ilẹ̀ yìí ní 1927, kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn náà. Ní 1943, ìjọba fi í ṣe alábòójútó àkọ́kọ́ fún ohun àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ni òfin ọdún 1953 dé: kí ẹnikẹ́ni má ṣe walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe kó o jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. A sì kọ́ mùsíọ́mù, èyíinì ni ilé tí a ń pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ sí: ti Ilé-Ifẹ̀ ní 1954, ti Èkó ní 1957.

Ẹ wo èso rẹ̀. Ní ọdún 1957 kan náà, àwọn tí ń tún ilẹ̀ ṣe ní Ìta Yemòó, ní Ilé-Ifẹ̀, tún kan ère idẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ dé etí ẹ̀ka ìjọba náà. Frank Willett fi sùúrù wa ibẹ̀, ó rí ère amọ̀ àti ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, ó sì kọ ipò ohun gbogbo sílẹ̀. Ìlú kan náà ni, ṣùgbọ́n òfin ti wà.

Ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ère òkúta tí ó ju 800 lọ ni ó wà. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., ròyìn wọn ní 1933. Ìjọba kò kó wọn lọ sí Èkó. Ní ìlú náà gan-an ni a kọ́ mùsíọ́mù sí ní 1945, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ ìtàn wọn.

Bóyá Kristẹni kan yóò wí pé, "Kí ni èmi ní í fi ère ṣe?" Mo dáhùn pé, pípa nǹkan mọ́ kì í ṣe bíbọ ọ́. Ọmọdé tí kò bá ìtàn a bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn; ṣùgbọ́n níbi tí àrọ́bá bá dákẹ́, ilẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó lè jẹ́rìí.

Láti 1979, àjọ kan fún gbogbo Nàìjíríà ni òfin fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Síbẹ̀ ìjọba kò lè dúró sí ẹ̀yìn ọkọ́ gbogbo àgbẹ̀ àti bíríkìlà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wa ìpìlẹ̀, ìbá à ṣe ti ilé ìjọsìn, tí ẹ sì kan ohun àjèjì, ẹ dá ọkọ́ dúró, ẹ fi ohun náà sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ìjọba. Ohun tí a bá fi ìkánjú hú kò ṣe é dá padà sínú ilẹ̀ bí ó ti wà.