Ilẹ̀ Onípákó àti Ìtọ́jú Rẹ̀ Nínú Àwọn Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Èkó

Àwọn tí ó ti kọ̀wé nípa ilé àwọn Àgùdà ní Èkó kò ṣàì sọ̀rọ̀ nípa fèrèsé wọn, nípa òdòdó tí bíríkìlà ṣe sára ògiri, àti nípa ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Ilẹ̀ pákó tí onílé ń tẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn, àfi bí ó bá ṣèèṣì bọ́ sí wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìtọ́jú ilẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó ń pinnu bóyá ilé yóò pẹ́ tàbí kò ní pẹ́.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé àlejò ni ilẹ̀ onípákó jẹ́. Ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ nínú yàrá àti ohun tí àgbẹ̀ ń kọ ebè sí, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Ìyàwó ilé tí ó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí yàrá odidi kan sì là á láàrin òun àti erùpẹ̀, yóò wí pé òun ń gbálẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pàápàá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a yí padà.

Èyí kò wí pé ilẹ̀ ilé kò níyì láyé àtijọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá a máa to àpáàdì ní òòró, etí sí etí, títí yóò fi rí bí egungun ẹja. Nígbà mìíràn wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun là á láàrin. Frank Willett bẹ̀rẹ̀ sí hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957. Peter Garlake tún bá a ní Ilẹ̀ Ọbàlára ní ọdún 1971 sí 1972. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tí ó jọba, ni ó pàṣẹ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí erùpẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Ilé mẹ̀kúnnù kò rí bẹ́ẹ̀. Erùpẹ̀ tí a lù, tí a sì rẹ́, ni ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi omi po ìgbẹ́ màlúù, tàbí amọ̀ pẹ̀lú omi ewé, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ pa á títí yóò fi dán. Bí ó bá là, wọn a tún un rẹ́. Omi ni oògùn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: òun ni ó ń pa eruku rẹ̀, òun náà ni ó ń dí ojú ihò rẹ̀. Ìmọ̀ yìí ni ìran kan gbé gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí omi ti jẹ́ ọ̀tá.

Ilé alájà kò ṣàjèjì sí Yorùbá kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dé. Wọn a máa to igi àgbọn olódù, tí ikán kì í fẹ́ jẹ, wọn a sì rẹ́ amọ̀ lé e lórí kí iná òrùlé má bàa ba ẹrù jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrù ni ó ń gbé òkè àjà, kì í ṣe ènìyàn. Ní ọdún 1845 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ilé wọn ní Àgbádárìgì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ Nàìjíríà lónìí. Àjàyí Crowther gbé inú rẹ̀.

Àwọn Àgùdà ni wọ́n sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ti ìlú. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bàhíà ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ti gba òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé láti Bùràsíìlì. Àwọn mìíràn ti Kúbà wá. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn, Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó sì di ibùjókòó wọn. João Baptista da Costa, tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Ṣítta Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn oníṣòwò, ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ọjà àti ẹrù, òkè jẹ́ ti ìdílé. Pákó ni ó sì wà láàrin méjèèjì.

Káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kàn mú igi tí ó bá rí. Ìrókò ni olórí, apá àti ọ̀gànwó sì ń tẹ̀ lé e. Kì í ṣe gbogbo ara ìrókò ni ó le: inú rẹ̀ tí ó pọ́n ni ikán ń yẹra fún, ara ìta tí ó funfun kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Igi tí a là, tí a sì kàn mọ́lẹ̀, kò tíì dákẹ́. Ní àsìkò òjò, a máa fa ọ̀rinrin, a wú. Bí ọyẹ́ bá dé, a súnkì, àlàfo a sì hàn láàrin pákó kan àti èkejì. Fífẹ̀ rẹ̀ ni ó ń yí padà. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí rárá. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé káfíńtà ni ó rẹ́ òun jẹ.

Nígbà náà, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá da garawa omi sórí rẹ̀? Ojú òkè yóò wú, ìsàlẹ̀ kò ní wú tó o, àárín pákó yóò sì gbé sókè ju etí rẹ̀ lọ. Omi tí ó gba àlàfo kọjá yóò dé orí ìtì igi tí ó gbé pákó ró, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó. Ibẹ̀ ni ebu ti ń hù, tí ìṣó ti ń dípẹtà, tí ikán sì ti ń rí ibùgbé. Olùtọ́jú tí ó gbọ́n, gbígbẹ ni ó fi ń tọ́jú pákó. Yóò kọ́kọ́ gbá a, kí ó tẹ̀ lé ojú igi, nítorí iyanrìn tí bàtà gbé wọlé ni ó ń ha pákó ju ohunkóhun lọ. Nínú ìlú oníyanrìn bí Èkó, ẹní tí a tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Lẹ́yìn náà ni aṣọ tí a fi omi pa, tí a sì fún títí kò fi kán mọ́, yóò kọjá lórí rẹ̀, aṣọ gbígbẹ yóò sì tẹ̀ lé e kíákíá. Fún àbàwọ́n tí kò lọ, ewé eépín wà, èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ti fi ń dán igi láti ìgbà pípẹ́ kí bébà káfíńtà tó dé. Nígbẹ̀yìn, wọn a fi ìda pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a sì fi aṣọ líle bó o títí yóò fi máa kọ mànà. Ó dùn mọ́ni pé ìda kan náà tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ifẹ̀ fi ń ya orí ọba ni ó wá di ohun tí a ń fi pa ilẹ̀ pálọ̀. Ó kù, kí a máa fi ìka kan pákó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó bá dún bí akèrègbè òfìfo, kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ orúnkún ni gbogbo èyí, àwọn obìnrin, àwọn ọmọ ilé àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó sì ń ṣe é. Orúkọ ẹni tí ó kọ́ ilé wà nínú ìwé. Orúkọ ẹni tí ó bó ilẹ̀ rẹ̀ fún ogójì ọdún kò sí níbì kan. Ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀wọ́n omi ti ran iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Kí omi ẹ̀rọ Ìjù tó dé ní ọdún 1915, kànga ni ó ń fún Èkó lómi, ta ni yóò sì ru omi gun àtẹ̀gùn láti dà á sórí pákó? Ẹ̀rọ omi dára púpọ̀ fún ìlera ìlú. Kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún ìrókò.

Sìmẹ́ńtì ni ó gba ipò pákó lẹ́yìn náà, pàápàá nígbà tí ilé iṣẹ́ Ńkálágù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957, tí ti Ewékorò sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1960. Ilẹ̀ tí a tún lè da omi sí ti padà dé. Bí pákó kan bá jẹrà, ọ̀pọ̀ onílé kò pe káfíńtà mọ́. Wọ́n tẹ́ rọ́bà bo gbogbo rẹ̀, rọ́bà náà sì sé ọ̀rinrin mọ́ abẹ́.

Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855 ní ojú òpópó Tinúubú, tí ìjọba sì kéde ní ọdún 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Àwòrán iwájú rẹ̀ pọ̀ nínú ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú inú rẹ̀, ẹnu àwọn ìyá àgbà tí wọ́n dàgbà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí ó lọ gbọ́, kí ó sì tètè lọ. Ti Àgbádárìgì ṣì dúró. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ wo yàrá tí Crowther lò, pákó a sì máa dún lábẹ́ bàtà wọn.