Ènìyàn Kan Kì í Jẹ́ "Àwá Dé": Obìnrin Nínú Iṣẹ́ Sáyẹ́ǹsì

Ní Òkèrèwè níhìn-ín, obìnrin tí ó bá kó èésú mọ̀ dájú pé owó àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ni ó wà lọ́wọ́ òun. Èrò mi ni pé irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú obìnrin dúró nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Níbi tí kò bá sì sí, ọgbọ́n orí nìkan kì í tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Agnes Yewande Savage, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Nàìjíríà. Ní 1929, ó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh, òun sì ni obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ipò kékeré ni ìjọba amúnisìn fi í sí. Owó-oṣù rẹ̀ kò tó ti àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ni wọ́n sì fi í wọ̀ sí. Ọdún 1945 ni wọ́n tó ṣe àtúnṣe sí owó náà. Ní 1947, ó fẹ̀yìn tì. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tara-tọkàn.

Ọ̀nà ti Elizabeth Abimbola Awoliyi yàtọ̀. Ó gboyè ní Dublin ní 1938, ó sì di ọmọ Nàìjíríà obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà nílé, ní ilé-ìwòsàn Massey Street ní Èkó. Bí ó ti ń ga lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń kó àwọn obìnrin mìíràn mọ́ra. Láti 1964 títí ó fi kú ní 1971, òun ni ààrẹ Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin ní Nàìjíríà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Trieste, ní ilẹ̀ Ítálì, ní 1988 ni ó bí ẹgbẹ́ TWOWS, tí a ń pè ní OWSD láti 2010. Ẹgbẹ́ yìí ń fún obìnrin ní owó láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ mìíràn tí ó ń gòkè bọ̀. Ẹni tí kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ lè forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì ilé, kí ó lọ ṣe ìwádìí lẹ́yìn odi, kí ó sì padà.

Àwa òpìtàn fẹ́ràn láti máa ka orúkọ ẹni àkọ́kọ́. Ó yẹ kí a tún máa bèèrè pé: ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀? Savage nìkan ni ó dá wọlé, kò sì sí ẹgbẹ́ tí yóò gbé e ró. Bí ọmọbìnrin kan bá wọ yàrá ìwádìí wa lọ́la, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá wọlé.